Súìtì Àgbọn fún Kérésìmesì, àti Iṣẹ́ Tí Ó Yẹ Àwọn Ọmọ Wẹ́wẹ́ Nínú Rẹ̀

Nígbà tí oṣù Dìsẹ́ḿbà bá wọlé, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́, tí àgbàdo ti wà nínú àká tí ẹ̀pà sì ti gbẹ nínú àpò, inú àwọn ọmọdé a máa dùn ju ti àgbà lọ. Wọn a máa fi ìka ka ọjọ́: ó ku ogún, ó ku mẹ́wàá, ó di ọ̀la. Wọ́n ń retí aṣọ ọdún, wọ́n ń retí adìẹ ọdún. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ọmọ ọdún márùn-ún léèrè ohun tí ó wù ú jù, súìtì ni yóò dárúkọ. Bàbá ilé yóò fi owó sílẹ̀, a ó ra súìtì láti ọjà, a ó pín in, a ó jẹ ẹ́ tán kí ilẹ̀ tó ṣú, tákàdá rẹ̀ nìkan ni atẹ́gùn ọyẹ́ yóò sì máa gbá kiri nínú àgbàlá.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò gba owó púpọ̀, tí ayọ̀ rẹ̀ sì ń pẹ́ lọ́kàn ọmọ ju adùn ẹnu lọ. Òun ni kí a ṣe súìtì náà ní ilé, kí ọmọ sì bá ìyá rẹ̀ ṣe é ní ìwọ̀n bí ọjọ́ orí rẹ̀ ti mọ. Ọmọ tí ó ti ka ife ṣúgà, tí ó ti kó àgbọn rínrin jọ, tí ó sì ti dúró de àwo títí ó fi tutù, kì í jẹ súìtì náà bí ẹni tí a ju nǹkan sí. Ó mọ ibi tí ó ti wá. Ṣùgbọ́n kí ìyá èyíkéyìí tó pe ọmọ rẹ̀ sí ẹ̀bá ààrò, ó yẹ kí ó mọ̀ dájú pé ṣúgà tí ń hó kì í ṣe ẹgbẹ́ omi tí ń hó. Nítorí náà ni iṣẹ́ yìí ṣe pín sí méjì, èyí tí ó jẹ́ ti ọmọ, àti èyí tí ọmọ kò gbọdọ̀ súnmọ́ rárá.

Kì í ṣe òní ni ilẹ̀ Yorùbá ti mọ ohun dídùn. Kí ṣúgà tó wọ́pọ̀ ní ọjà, oyin wà, àwọn ọmọ ń jẹ ìrèké, a sì ń yan àgbàdo, a ń lọ̀ ọ́ kúnná, a ń fi epo pò ó láti ṣe àádùn. Bàbá dúdú, tí a ń fi wàrà àgbọn àti ṣúgà sè títí yóò fi dúdú tí yóò sì le, ni súìtì tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà rántí láti ìgbà èwe wọn. Òkè òkun pàápàá ní irú rẹ̀. Ní ìlú Salvador, ní Bahia ti ilẹ̀ Bràsíìlì, níbi tí a kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ ní ẹrú, àwọn obìnrin aláṣọ funfun ṣì ń ta àkàrà ní ẹ̀bá ọ̀nà, tí wọ́n ń pè ní acarajé; lórí àtẹ kan náà ni wọ́n ń gbé súìtì àgbọn sí, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ cocada. Funfun wà nínú rẹ̀, dúdú sì wà. Ní 2005 ni ìjọba Bràsíìlì kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà. Kò sì yẹ kí a gbàgbé pé ọwọ́ ẹrú ni a fi gbin ìrèké ilẹ̀ náà fún ìgbà pípẹ́, títí di 1888 tí òfin fi òpin sí oko ẹrú níbẹ̀. Àwọn kan tí ó ti gba òmìnira kí ọdún náà tó dé padà wá sí Èkó, àwọn tí a ń pè ní Àgùdà. Lọ́dọ̀ wọn ni a ti mọ frejon, ẹ̀wà tí a fi wàrà àgbọn sè, tí wọ́n ń jẹ ní ọjọ́ Ẹtì Rere. Bí ọmọ bá ń béèrè ìtàn bí iṣẹ́ ti ń lọ, ìtàn nìyí tí ìyá lè sọ fún un.

Ó yá, kí a wá sí ilé ìdáná. Àgbọn tí ó gbó ni kí a rà. Kí a mì ín létí: bí omi bá ń dún nínú rẹ̀, ó dára, bí kò bá dún, omi ti jò, inú rẹ̀ sì lè ti bàjẹ́. Kí a wo ojú rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó gbẹ, kí ó má hu, kí ó má sì rùn. Mímì àgbọn yìí gan-an jẹ́ iṣẹ́ tí ọmọ ọdún mẹ́ta lè ṣe ní ọjà, inú rẹ̀ yóò sì dùn púpọ̀ pé òun ni ó yàn án. Fífọ́ rẹ̀ jẹ́ ti àgbà. Kí àgbà dá ihò sí ojú tí ó rọ̀ jù nínú àwọn mẹ́ta náà, kí ó da omi rẹ̀ sí ife fún àwọn ọmọ láti mu, lẹ́yìn náà kí ó fi ẹ̀yìn àdá gbá a yíká ní agbedeméjì títí yóò fi là.

Kí gbogbo ọwọ́ di fífọ̀ pẹ̀lú ọṣẹ kí a tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ọmọ tí ó kéré jù ni kí a fi ṣe olórí níbi èyí, kí ó máa wo ọwọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bóyá ó mọ́. Kò sí ẹni tí í tètè rí èérí ọwọ́ ẹlòmíràn bí ọmọ ọdún mẹ́rin. Fún bàbá dúdú, àgbọn ńlá méjì àti ife ṣúgà méjì tó. Ọmọ tí ó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ lè wọn ṣúgà náà, kí ó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ tí kò mú gé orí ife tẹ́jú, kí ó sì sọ iye rẹ̀ sókè. Ẹ̀kọ́ ìṣirò ni èyí, kò sì ní mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni. Rínrin àgbọn lórí páànù olójú wẹ́wẹ́ tí a fi ń rin ilá jẹ́ ti ọmọ tí ó lé ní ọdún mẹ́wàá tàbí ti ìyá fúnra rẹ̀, nítorí pé páànù kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àgbọn àti ìka. Nígbà tí ó bá ti rin tán, kí a bu omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ bí ife méjì lé e, kí gbogbo ọmọ ki ọwọ́ bọ inú agbada kí wọ́n sì fún un. Ibí yìí ni ẹ̀rín máa ń pọ̀ sí. Kí ìyá má ṣe yára gbà á lọ́wọ́ wọn. Bí ọmọ mẹ́ta bá fún un, tí ìyá sì tún fún un lẹ́yìn wọn, wàrà tí yóò jáde yóò ki ju ti ẹni kan lọ. A ó fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Èyí tí ó kù nínú asẹ́ kì í ṣe ohun tí a ń dànù: a lè fi ṣúgà díẹ̀ àti omi àgbọn yan án nínú ìkòkò títí yóò fi pọ́n díẹ̀ tí yóò sì máa lẹ̀ mọ́ra, kí a ká a róbótó fún àwọn tí eyín wọn kò lè fọ́ bàbá dúdú.

Wàyí o, iṣẹ́ iná dé, àwọn ọmọ yóò sì kúrò nídìí rẹ̀. Ìyá yóò da wàrà àti ṣúgà pọ̀ nínú ìkòkò tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn, tí ó sì tóbi ní ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ó wà nínú rẹ̀, nítorí pé yóò hó sókè. Iná kí ó má pọ̀. Fún ìgbà díẹ̀ yóò dà bí ẹni pé kò sí ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí ki, òróró yóò yọ sójú, àwọ̀ rẹ̀ yóò yí láti funfun sí ti oyin, láti ti oyin sí ti obì gbígbẹ. Láti ìgbà tí ó bá ti ń ki, kí ìyá má fi orógùn sílẹ̀ mọ́. Bí aládùúgbò bá kí i, kí ó jẹ́ ẹ láti ibi tí ó jókòó sí.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò nìyí. Omi kì í gbóná ju 100 lọ ní ojú òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì nínú ìkòkò tí a ṣí sílẹ̀, bí a tilẹ̀ dá iná bí ti alágbẹ̀dẹ sábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti ń gbẹ kúrò lára ṣúgà, bẹ́ẹ̀ ni ooru ṣúgà náà ń gòkè. Ní ìwọ̀n 115 ó ṣì rọ̀. Ní 120 ó le díẹ̀. Èyí tí ó bá dé 150 yóò fọ́ bí àwo nígbà tí ó bá tutù. Ní 160 sí òkè ni ṣúgà fúnra rẹ̀ ń pọ́n tí ó sì ń di dúdú. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n ooru kò níláti dààmú. Kí ó fi ṣíbí kán díẹ̀ sínú abọ́ omi tútù. Bí ó bá tú ká, kò tíì jinná. Bí ó bá ṣe é ká bí iyán lábẹ́ ìka, ó kù díẹ̀. Bí ó bá le, tí ó sì dún bí a ti ṣẹ́ ẹ, kí a gbé e kúrò lórí iná kíákíá, nítorí pé láti ibi dídùn dé ibi kíkorò kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kí a gbé abọ́ omi tútù náà lọ bá àwọn ọmọ níbi tí wọ́n wà, kí àwọn ni kí ó máa sọ bóyá ó ti le. Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò fi wà nínú iṣẹ́ náà láì wà ní ẹ̀bá iná.

Nítorí kí ni a ṣe ń tẹnu mọ́ èyí tó bẹ́ẹ̀? Nítorí pé ṣúgà gbígbóná kì í ṣàn kúrò lára bí omi. Ó ń lẹ̀ mọ́ awọ bí àtè ti ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ, ó sì ń jó o lọ níbi tí ó lẹ̀ mọ́. Awọ ọmọdé fẹ́lẹ́ ju ti àgbà lọ. Ohun tí yóò ta àgbà yóò bó ọmọ. Kí ìyá fi eérú fa ìlà yí ààrò ká, kí ìlà náà jìnnà sí iná ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán, kí ó sì sọ fún àwọn ọmọ kí a tó dáná pé ẹsẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. Ọmọ a máa bọ̀wọ̀ fún ìlà tí ó fi ojú rí ju ọ̀rọ̀ tí a ń pariwo rẹ̀ lọ. Kí àgbà kejì wà pẹ̀lú wọn bí ó bá ṣeé ṣe. Kí ẹni tí ń ro ìkòkò má ṣe pọn ọmọ sẹ́yìn, kí ọwọ́ ìkòkò má sì yọ síta níbi tí ọmọ lè fà á.

Bí ìjàm̀bá bá sì ṣẹlẹ̀, omi ni oògùn àkọ́kọ́. Kí a máa da omi tútù tí ó mọ́ sí ojú ibẹ̀, igbá lé igbá, fún 20 ìṣẹ́jú gbáko. Omi náà yóò pa ooru, yóò sì yọ́ ṣúgà tí ó lẹ̀ mọ́ ọn. Kí a má fi yìnyín sí i. Kí a fi aṣọ bo ìyókù ara ọmọ kí òtútù ọyẹ́ má baà mú un. Kí a bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ tàbí aṣọ tí ó wà nítòsí, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá ti lẹ̀ mọ́ awọ, kí a má fà á. Epo pupa, ẹyin, iyọ̀, tádàwà, ọṣẹ ìfọyín: gbogbo wọn ni àwọn ènìyàn ń fi sí ojú iná, kò sì sí ọ̀kan tí ó wúlò, wọ́n ń fi ooru pamọ́ sínú tàbí kí wọ́n kó ìdọ̀tí wọ ojú egbò. Lẹ́yìn omi, kí a fi aṣọ tí ó mọ́ bò ó fẹ́rẹ́fẹ́. Ọmọ tí ibi tí ó jó bá ju àtẹ́lẹwọ́ òun fúnra rẹ̀ lọ, tàbí tí ó jẹ́ ojú, ọwọ́, ẹsẹ̀ tàbí abẹ́, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an.

Àwo pẹrẹsẹ tí a ti fi òróró díẹ̀ pa ni a ó da bàbá dúdú sí. Kí a gbé e sí ibi gíga, nítorí pé ojú rẹ̀ a máa tutù nígbà tí inú rẹ̀ ṣì ń jó. Ìyá ni yóò kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ tirẹ̀ dán an wò. Nígbà tí ó bá lọ́ wọ́ọ́wọ́, tí ó sì rọ̀ bí ìda, kí ó gé e wẹ́wẹ́, kí ó sì pe àwọn ọmọ padà, kí kálukú fi òróró ra ọwọ́ kí ó máa ká a. Kò ní jẹ́ bákan náà. Ti ẹnì kan yóò dà bí ẹyin àdàbà, ti ẹlòmíràn bí ìka, ti ọmọ ọdún mẹ́ta kò ní dà bí ohun kan. Kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ilé tí ó gbin ẹ̀pà lè ṣe oríṣi kejì: ife ṣúgà méjì, omi ààbọ̀ ife, ìkán ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀, àti ife ẹ̀pà yíyan méjì tí a ti bó. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kíkan inú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ṣúgà tún padà di hóró nínú ìkòkò. Nígbà tí ṣúgà bá pọ́n bí oyin, a ó da ẹ̀pà sí i, a ó sì tẹ́ ẹ kíákíá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ṣe pàtàkì jù nínú èyí wà ṣáájú iná, òun sì ni ṣíṣa ẹ̀pà. Ní 1960, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tòlótòló tí ó lé ní 100,000 kú lẹ́yìn tí wọ́n jẹ oúnjẹ tí a fi ẹ̀pà tí ó ti hu ṣe. Láti ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti mọ májèlé kan tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, èyí tí ń ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn jẹ́, tí yíyan kò sì lè pa tán. Nítorí náà hóró tí ó hu, tí ó rún, tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà tàbí tí ó korò, kí a jù ú nù. Kí a má sì fi bọ́ adìẹ. Ojú ọmọ ọdún méje mú ju ti ìyá àgbà lọ. Kí a da ẹ̀pà sórí àtẹ funfun, kí a fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní igun tirẹ̀ láti ṣà, wọn yóò rí ohun tí àgbà kò rí. Àgbẹ̀ tí ó bá rí i pé èyí tí wọ́n jù nù pọ̀ jù, kí ó lọ wo ibi tí ó ti sá ẹ̀pà rẹ̀ àti irú àpò tí ó kó o sí.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀pà odindi tàbí súìtì líle róbótó, nítorí pé ó lè há a lọ́fun. Bí ó bá há ọmọ, tí kò lè wúkọ́, tí kò lè sunkún, kí a dà á dojú dé orí itan, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju àyà lọ, kí a fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká ní ìgbà márùn-ún pẹ̀lú agbára. Kí a má ti ìka bọ ọ̀fun rẹ̀ nígbà tí a kò rí ohun náà, nítorí pé a lè tì í wọlé sí i. Bí kò bá jáde, kí a sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí a má sì dá gbígbá náà dúró lójú ọ̀nà. Ọmọ ọwọ́ ní tirẹ̀ kò nílò súìtì kankan. Ní 2023 Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ nínú ìlànà wọn pé kí a má fún ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún méjì ní oúnjẹ tí ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀. Oyin pàápàá, ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ó pọ́n tó fún un ní ọdún.

Nípa eyín, kì í ṣe iye súìtì nìkan ni ó ń ba eyín jẹ́ bí kò ṣe iye ìgbà tí ó ń wọ ẹnu. Kòkòrò tí ojú kò rí ń jẹ ṣúgà lára eyín, ó sì ń tu omi kíkan tí ń jẹ eyín. Ọmọ tí ó jẹ mẹ́ta pọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, tí ó sì mu omi lé e, sàn ju ẹni tí ó ń fa ẹyọ kan lá láti àárọ̀ di alẹ́. Kí wọ́n fọ eyín kí wọ́n tó sùn.

Tákàdá tí ó mọ́ tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ ni kí a fi wé e, kì í ṣe ìwé ìròyìn; tádàwà kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ iye tí ó jẹ́ tirẹ̀, kí a sì yọ ti àdúgbò sọ́tọ̀ ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó jẹ. Ní ilẹ̀ wa, ilé onígbàgbọ́ a máa gbé oúnjẹ Kérésìmesì lọ sí ilé mùsùlùmí, ẹran Iléyá a sì máa ti ibẹ̀ wá. Kí àwo ìrẹsì ọdún yìí ní súìtì mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́, kí ọmọ tí ó ká a ni kí ó gbé e lọ, àní èyí tí kò dà bí ohun kan náà.

Ọjọ́ 22 tàbí 23 ni kí a ṣe é, kì í ṣe ọjọ́ ọdún gan-an tí adìẹ àti ìrẹsì ti gba gbogbo ààrò. Ọyẹ́ ń ran iṣẹ́ yìí lọ́wọ́, nítorí pé ṣúgà a máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Èyí tí a bá ṣe ní oṣù Júúnì yóò máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ti Dìsẹ́ḿbà yóò gbẹ. Agolo onídèérí tí ó dé dáradára ni kí a kó o sí. Ìkòkò tí ṣúgà gan mọ́, kí a má ha á. Kí a bu omi kún un, kí ìyá tún gbé e sórí iná títí gbogbo rẹ̀ yóò fi yọ́, kí ìlà eérú náà sì wà níbẹ̀ títí ìkòkò yóò fi tutù.